Ilé Ìdáná àti Gbọ̀ngàn: Èwo Ni Kí A Kọ́kọ́ Tún Ṣe?

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ nípa orúkọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó jẹ́ òtítọ́ nípa títún ilé ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ilé rẹ̀ di ọ̀ṣọ́, kí ó kọ́kọ́ wo ilé náà, kí ó sì wo àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, kí ó tó ra ọ̀dà tàbí kí ó tó ránṣẹ́ pe káfíńtà. Nítorí pé owó a máa tètè lọ sí ibi tí ojú àlejò ń rí, nígbà tí ibi tí a ti ń se oúnjẹ gbogbo ilé ṣókùnkùn bí òru, tí èéfín sì kún inú rẹ̀.

Ọ̀RÀN ILÉ KAN

Kí a mú ilé àgbẹ̀ kòkó kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó pọ̀ ní ìgbèríko Ìbàdàn àti Oǹdó. Ilé náà ní yàrá mẹ́rin, gbọ̀ngàn kan láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, àti ilé ìdáná kékeré kan lẹ́yìn, tí a fi amọ̀ mọ, tí kò sì ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. A ti ta kòkó tán. Owó tí ó kù lẹ́yìn gbèsè àti owó ilé ẹ̀kọ́ kò lè ṣe ju iṣẹ́ kan lọ dáradára. Ọmọbìnrin ilé náà yóò sì ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kẹrin.

“Ìyá àwọn ọmọ,” ni baálé wí, “àwọn àna wa ń bọ̀. Inú gbọ̀ngàn ni a ó ti gbà wọ́n. Ṣé kí wọ́n wá bá ògiri tí ń bó bí èèpo ẹ̀pà? Ọ̀dà ni kí a fi owó yìí rà, àti àga tuntun.”

“Baálé mi, òtítọ́ ni ẹ sọ,” ni ìyàwó dáhùn, “ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni a ó ti se oúnjẹ tí àwọn àna náà yóò jẹ. Láti ìgbà òjò ni ọmọ ọwọ́ yìí ti ń wúkọ́, ikọ́ náà kò sì tíì dá. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, yóò rá lọ sí ìdí iná. Bí mo bá sì pọ̀n ọ́n, èéfín ni ó ń fà símú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá baálé, tí ó jókòó lórí ẹní, gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má lé èéfín tán nílé o. Àgbàdo tí ó wà lórí àjà, èéfín náà ni kò jẹ́ kí kòkòrò bà á jẹ́. Bàbá yín kò fi irúgbìn ṣòfò rí.”

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó sọ ọ̀rọ̀ asán. Ọ̀wọ̀ ilé ni baálé ń rò, ẹ̀mí ọmọ ni ìyàwó ń rò, oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀ sì ni ìyá àgbà ń rò. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú ẹjọ́ yìí ní láti mọ bí ilé ti rí tẹ́lẹ̀, àti ohun tí ó yí padà nínú rẹ̀.

BÍ ÀWỌN BABA WA TI KỌ́ ILÉ WỌN

Ní ìgbà àtijọ́, agbo ilé ni a ń kọ́. Yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, ojú ọ̀run sì ni òrùlé àgbàlá náà. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn àwọn agbo ilé wọ̀nyí, àti koríko bẹ́ẹ̀rẹ tí a fi ń bo orí wọn. Yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé oorun àti ìpamọ́ ẹrù ni a fi í ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń jókòó, níbẹ̀ ni a ti ń jẹun, níbẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, níbẹ̀ ni àwọn obìnrin sì ti ń ran òwú. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní àgbàlá ni ààrò wà. Èéfín a máa gba inú koríko jáde, a sì máa gba ojú àgbàlá lọ sókè.

Nítorí náà, àwọn tí ń rò pé ilé tí a kò fi ògiri pín jẹ́ ohun tuntun láti òkè òkun, kí wọ́n rántí àgbàlá àwọn baba wa. Ibi kan náà ni a ti ń se oúnjẹ, tí a ti ń jẹ ẹ́, tí a sì ti ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó padà bọ̀ láti oko ẹrú ní Brazil àti Cuba, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, mú irú ilé mìíràn wá sí Èkó àti Àjàṣẹ́. Ilé tiwọn ní ọ̀nà tóóró kan láàárín, yàrá ní apá ọ̀tún àti apá òsì, fèrèsé gíga, àti òdòdó tí a fi sìmẹ́ǹtì gbẹ́ sára ògiri. Lẹ́yìn ilé ni wọ́n sábà máa ń fi ilé ìdáná sí. Nígbà tí owó kòkó dé, irú ilé yìí tàn kálẹ̀ dé ìgbèríko, páànù sì gba ipò koríko.

Páànù ṣe wá ní rere púpọ̀. Kì í tètè gbiná, kì í jò bí koríko gbígbó, a kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n páànù kò jẹ́ kí èéfín kọjá nínú rẹ̀ bí koríko. Ilé ìdáná tí a bo ní páànù, tí a kò sì ṣe ọ̀nà èéfín sí, dà bí ìkòkò tí a dé mọ́ iná. Níbi yìí ni ìpalára ti wọlé.

OHUN TÍ ÈÉFÍN Ń ṢE

Èéfín igi kì í ṣe ohun tí ń ta ojú lásán. Àwọn ohun kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí, tí wọn a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé láti ara ìdáná pa ènìyàn bí 3,200,000 ní gbogbo ayé. Nínú wọn, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000. Òtútù àyà ni ó ń mú àwọn ọmọdé lọ jù. Ní ti àgbàlagbà, a máa dá àrùn ọkàn sílẹ̀, àti àrùn rọpárọsẹ̀, àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró, àti àrùn ojú tí ń mú kí inú ẹyinjú di funfun. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ni wọ́n sún mọ́ iná jù, àwọn ni ìpalára náà sì ń bá jù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èédú bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi nítorí pé èéfín rẹ̀ kò pọ̀. Èédú tí ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí a bá gbé ààrò èédú sínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, bóyá nítorí òtútù ọyẹ́, àwọn tí ó sùn níbẹ̀ lè má jí mọ́.

Ikọ́ ọmọ tí kò dá kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ ilé ìdáná nìkan wò. Kí a gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ń mí kíákíá, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ sì ń wọ inú bí ó ti ń mí, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, òtítọ́ ni pé èéfín àti ooru iná ń lé kòkòrò jìnnà sí àgbàdo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Bí a bá sá àgbàdo gbẹ dáradára, tí a sì dà á sínú àgbá tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, kí ó kún dé ẹnu, tí a sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, àwọn kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ yóò kú nítorí àìrí èémí. Bí àgbàdo kò bá gbẹ tó ni yóò bu. Kí a fi eyín dán an wò: èyí tí ó gbẹ a máa fọ́ pẹ̀lú ariwo, èyí tí kò gbẹ a máa rọ̀ lábẹ́ eyín.

BÍ A TI Í TÚN ILÉ ÌDÁNÁ ṢE

Èkíní ni ibi tí yóò wà. Ní ilẹ̀ wa, láti apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún, òun ni ó sì ń gbé òjò wá. Nítorí náà, bí àyè bá wà, kí ilé ìdáná wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilé, kí ẹ̀fúùfù lè máa gbé èéfín kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ń sùn. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀fúùfù a máa yí padà, ohun gbogbo a sì máa gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, kí a pa iná patapata kí a tó sùn.

Èkejì ni ọ̀nà afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa lọ sókè, tútù a sì máa wọlé nísàlẹ̀. Nítorí náà, fèrèsé kan ṣoṣo kò tó. Kí a ṣe méjì tí ó dojú kọ ara wọn, kí a sì ṣí ihò sílẹ̀ ní òkè pátápátá lábẹ́ páànù, kí a fi àwọ̀n onírin bo ihò náà nítorí eku àti ẹyẹ. Bí owó bá tó, kí a mọ ọ̀nà èéfín láti orí ààrò kọjá òrùlé.

Ẹ̀kẹta ni ààrò. Ààrò olókùúta mẹ́ta lórí ilẹ̀ a máa jẹ igi púpọ̀, a sì máa tẹ ẹ̀yìn obìnrin ba. Kí a gbé ààrò ga dé ibi tí ẹni tí ń dáná lè dúró ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìtẹ̀ ba. Níbẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ tí ń rá kò sì lè dé. Ìyàwó ilé ni kí a fi wọn gíga rẹ̀, kì í ṣe bíríkìlà. Kí a fi amọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká kí iná má baà tú ká. Igi tí a là, tí a sì ti pa mọ́ lábẹ́ òrùlé fún oṣù púpọ̀ kí a tó dá a, èéfín rẹ̀ kò tó ti igi tútù. Ìkòkò tí a sì dé, kì í pẹ́ lórí iná bí èyí tí a kò dé.

Ẹ̀kẹrin ni ilẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa fi ẹlẹ́bọ́tọ, èyí tí í ṣe ìgbẹ́ màlúù, pa ilẹ̀ àti ògiri títí yóò fi máa dán. Ẹwà iṣẹ́ náà kò ṣeé sẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn lè wà nínú ìgbẹ́ ẹran, kò sì yẹ ibi tí a ti ń gún iyán. Sìmẹ́ǹtì dára jù, bí a bá jẹ́ kí ó tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, kí omi lè ṣàn jáde láìdúró.

Ẹ̀karùn-ún ni omi. Àmù a máa mú omi tutù, nítorí pé omi díẹ̀ ń gba ara amọ̀ rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ pẹ̀lú ooru. Kí a gbé e sí ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, jìnnà sí iná, kí a sì dé e. Láti 1897, nígbà tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà, ni a ti mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Omi tí a kò dé, ilé ẹ̀fọn ni.

GBỌ̀NGÀN ÀTI Ọ̀DẸ̀DẸ̀

Baálé tí ó ń wá ẹwà gbọ̀ngàn kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó púpọ̀. Ẹfun tí a rí nípa sísun òkúta ẹfun, irú òkúta tí a ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì, lè sọ gbọ̀ngàn di ọ̀tun ní ọjọ́ méjì. A máa tan ìmọ́lẹ̀ sínú ilé, a sì máa fi ìdọ̀tí hàn kí a lè tètè mú un kúrò. Kí a po ẹfun pẹ̀lú omi àti iyọ̀ díẹ̀ kí ó má baà máa kun aṣọ, kí a fi omi rẹ ògiri kí a tó kùn ún, kí a sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ẹni tí ń kùn ún ṣọ́ ojú rẹ̀ gidigidi, nítorí pé ẹfun yìí a máa jó ẹran ara.

Níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹ̀yìn àga ń kàn, láti ilẹ̀ dé ìbàdí, funfun kì í pẹ́ dọ̀tí. Níbẹ̀ ni kí a lo ọ̀dà tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, bí àwọ̀ ilẹ̀ pupa tàbí àwọ̀ aró, tí a lè fi omi wẹ̀. Bí a bá ń ra ọ̀dà, kí a béèrè èyí tí kò ní òjé nínú, nítorí pé òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀dà àtijọ́ ni ó ní i, nítorí náà kí a má ṣe há ọ̀dà gbígbó ní gbígbẹ níbi tí ọmọ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ọ̀dà gbogbo ilé nítorí àwọ̀ tí ó rí lórí páálí ní ọjà. Kí ó ra díẹ̀, kí ó kun ibi tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì lára ògiri tirẹ̀, kí ó sì wò ó ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, àti lábẹ́ fìtílà ní alẹ́. Àwọ̀ tí ó dùn wò ní ọ̀sán lè dà bí eérú ní alẹ́. Àwọ̀ tí ó ṣókùnkùn a máa sọ yàrá kékeré di kékeré sí i. Èyí tí ó mọ́lẹ̀ a máa fẹ̀ ẹ́ lójú.

Ní ti àga, ẹyọ mẹ́rin tí a fi ìrókò kàn sàn ju mẹ́jọ tí a fi igi rírọ̀ kàn, nítorí pé ikán kì í tètè jẹ ìrókò. Ìrọ̀rí tí a fi adìrẹ bò kò ní ìtìjú kankan níwájú aṣọ òkèèrè. Kí a má sì kó ẹrù di ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ọ̀nà ènìyàn ni ọ̀nà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú.

ÒGIRI TÍ Ó WÀ LÁÀÁRÍN

Ní àwọn ìlú ńlá lónìí, àwọn mìíràn a máa wó ògiri tí ó wà láàárín ilé ìdáná àti gbọ̀ngàn, kí ìyàwó lè máa bá ará ilé sọ̀rọ̀ bí ó ti ń se oúnjẹ. Ó dára, bí ó bá jẹ́ iná gáàsì tàbí iná mànàmáná ni a fi ń dáná, tí fèrèsé sì gbòòrò. Kò dára rárá, bí ó bá jẹ́ igi, èédú tàbí kẹrosíìnì. Òórùn ata díndín àti ọ̀rá epo pupa pàápàá yóò dúró lára aṣọ fèrèsé, bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kò bá sí lórí ààrò.

Ẹni tí ó ń lo gáàsì, kí ó mọ̀ pé gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni yóò rọ̀ sí. Nítorí náà, ìta ni kí sílíńdà wà, kí ihò afẹ́fẹ́ sì wà nísàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú. Bí a bá gbọ́ òórùn rẹ̀, kí a ṣí ilẹ̀kùn, kí a jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáná, kí ó má sì tan iná mànàmáná.

Kí a tó wó ògiri kankan, kí a bi bíríkìlà bí òrùlé bá gbára lé e. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

BÍ TỌKỌTAYA NÁÀ TI PARÍ RẸ̀

Baálé inú àpẹẹrẹ yìí gbé bébà, ó sì kọ ohun gbogbo sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ń pa ènìyàn lára, ohun tí ń ba ẹrù jẹ́, àti ohun tí ń dun ojú. Èéfín wà ní ọ̀nà kìíní, òrùlé tí ń jò wà ní ọ̀nà kejì, ọ̀dà àti àga sì wà ní ọ̀nà kẹta. Nígbà tí ó ka ìwé náà tán, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ilé ìdáná ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe: fèrèsé méjì, ààrò gíga, àti ọ̀nà èéfín. Wọ́n dí ibi tí òrùlé ti ń jò. Owó tí ó ṣẹ́ kù ra ẹfun fún gbọ̀ngàn, ìyá àgbà sì gba àgbá kan fún àgbàdo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ṣírí méjì sí orí àjà síbẹ̀, kí òun lè fi wé ara wọn. Ọmọ náà gba oògùn ní ilé ìwòsàn. Ní ti àga, baálé yá ti aládùúgbò fún ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó yá wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà: àga lè dúró de kòkó ọdún tí ń bọ̀, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọwọ́ kò lè dúró.

ÌGBÀ IṢẸ́

Oṣù Kọkànlá sí Kejìlá: òjò ti dá, ìgbà yìí ni kí a mọ ògiri, kí a sì ṣí fèrèsé tuntun.

Oṣù Kínní: ọyẹ́ àti eruku pọ̀, kí a má ṣe kun ọ̀dà olóròóró, nítorí pé eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Kí a la igi ìdáná, kí a sì kó o sábẹ́ òrùlé.

Oṣù Kejì: kí a fi ẹfun kun ilé, kí a máa rẹ ògiri dáradára kí ẹfun má baà gbẹ jù.

Oṣù Kẹta: kí a yẹ òrùlé àti gọ́tà wò kí òjò tó dé, kí a sì da omi tí ó dúró yí ilé ká nù.